Níbo Ni Ìyá Ọmọ Yìí Wà?

Ní ilé wa ní Randburg, ní Johannesburg, àkùkọ kọ́ ló ń jí wa, ẹyẹ hádídà ni. Yóò bà sórí òrùlé gáréèjì, yóò sì figbe ta bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, títí ajá ará ilé kejì yóò fi bá a gbè é. Lẹ́yìn ajá, ó kan ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi. Gáréèjì yẹn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mọ́tò bàbá mi ló ń sùn níta. Sùtánà funfun àwọn ará ìjọ wa ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, àti yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ àdúgbò tó ti ya lábíyá. Bí ẹ̀rọ náà bá ń sáré geere, inú màmá mi dùn nìyẹn. Bó bá ń rìn díẹ̀ tó ń dúró, kí ọmọdé tètè wá iṣẹ́ ṣe. Láti orí bẹ́ẹ̀dì mi ni mo ti máa ń mọ irú ọjọ́ tí à ń lọ bá. Lónìí, èmi náà ti di ẹni tí ń bójú tó aṣọ àwọn òṣèré, ní Auckland Park ni mo ti ń ṣe é, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin ló sì wà nínú yàrá iṣẹ́ mi. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dédé dúró, àyà mi ṣì máa ń já.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ìyá tó bí màmá mi wá gbé lọ́dọ̀ wa láti Iléṣà. Màmá Iléṣà ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan àwọn aládùúgbò wa tí kò mọ ọ̀nà Iléṣà. Oṣù kẹfà ló dé, òtútù Johannesburg sì lọ pàdé rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ó wọ súwẹ́tà mẹ́ta léra wọn, ó ní àwọn tó sọ fún òun pé Áfíríkà náà ni òun ń lọ ti tan òun jẹ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi gba ilé ìdáná mọ́ màmá mi lọ́wọ́. Ó tọ́ magwinya tí wọ́n ń dín nídìí táksí wò, ó ní pọ́fùpọ́fù ni, ẹni tó dín in ló gbàgbé ṣúgà. Ó mú ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n ń pè ní páàpù, ó rò ó títí orógùn fi dá dúró láàrin rẹ̀, ó bu ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí sí i, bàbá mi jẹ ẹ́ tán, ó sì béèrè ibi tí wọ́n ti rí iṣu rà. Iṣẹ́ tèmi láràárọ̀ Sátidé ni kí n gbá òwú nílẹ̀ gáréèjì, kí n sì fi mágínẹ́ẹ̀tì kó gbogbo abẹ́rẹ́ tó já bọ́, nítorí pé ìjọ wa kì í wọ bàtà sí sùtánà, màmá mi kò sì fẹ́ gbọ́ pé abẹ́rẹ́ òun ló gún wòlíì lẹ́sẹ̀.

Bí mo bá gbálẹ̀ tán tí a sì jẹun ọ̀sán, ó di fíìmù. Fíìmù àwọn ọ̀dọ́langba ni mo fẹ́ràn, èyí tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ òyìnbó, tí gbogbo ìṣòro ayé wà nínú ilé-ìwé kan ṣoṣo. Màmá Iléṣà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ ló fi ń dá àwọn èèyàn inú wọn mọ̀, òun náà ló sì fi ń sọ wọ́n lórúkọ. Olójú-gíláàsì ni ọmọbìnrin tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, tó ń gbá ìwé mọ́yà kiri. Oníjákẹ́ẹ̀tì ni ọmọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Aláwàdà ni ọ̀rẹ́ Olójú-gíláàsì, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kì í bára mu. Ọmọbìnrin tó rẹwà tó sì rorò, tí ọmọbìnrin méjì ń tẹ̀ lé lẹ́yìn nínú aṣọ tó jọ tirẹ̀, ìyẹn ni ó pè ní Ìyálóde. Nígbà tó di fíìmù kẹta, ó yíjú sí mi, ó ní, "Tọ́pẹ́, Olójú-gíláàsì ọjọ́sí kọ́ nìyí? Ṣé wọn ò lè jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sinmi ni?" Mo ní ẹlòmíràn ni. Ó ní kí n má tan òun, òun mọ aṣọ. Lọ́jọ́ kan, ìjọba múná lọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà náà, fíìmù sì dúró sí àárín. Mo fẹ́ẹ̀ sunkún. Màmá Iléṣà ní kí n fọkàn balẹ̀, ó sì sọ ìyókù fún wa: "Wọn óò bọ́ gíláàsì lójú rẹ̀. Wọn óò tú irun rẹ̀. Wọn óò wọ gáùn fún un, yóò máa ti orí àtẹ̀gùn bọ̀ nílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Oníjákẹ́ẹ̀tì óò lanu sílẹ̀. Ìyálóde óò wá sunkún, ó tán." Nígbà tí iná dé, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí, bàbá mi sì dìde, ó pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé eré lẹ́nu iṣẹ́ láti ìgbà náà, ṣàṣà ni èyí tí Màmá Iléṣà kò ti sọ fún mi nínú òkùnkùn yẹn.

Ojú aránṣọ ni màmá mi fi ń wo àwọn fíìmù náà ní tirẹ̀, ibi tí ìjà wa sì ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí Ìyálóde ni ààyò rẹ̀. "Ẹ wo bí kọ́là rẹ̀ ṣe jókòó. Ilé ire ni ọmọ yìí ti wá." Màá ní òun ni èèyàn burúkú inú fíìmù. "Ẹni tó lọ aṣọ rẹ̀ báyìí? Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀ o, Tọ́pẹ́." Ṣùgbọ́n bí Olójú-gíláàsì bá jáde pẹ̀lú ẹ̀wù tó fẹ̀ jù ú lọ àti ṣòkòtò tó ya lórúnkún, màmá mi á gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Níbo ni ìyá ọmọ yìí wà?" Kò sí fíìmù tí kò ti béèrè rẹ̀. Inú máa ń bí mi. Màá ní, "Mummy, it's not about her mother," òun náà á ní, "Mo gbọ́. Níbo ló wà?" Nísinsìnyí ni mo mọ̀ pé ìbéèrè gidi ni. Nínú àwọn fíìmù yẹn, ìyá ti kú kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kó gba ẹnu ọ̀nà kọjá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Ọmọ náà á ṣubú, á dìde, á ra aṣọ, á fẹ́ràn ẹni tó fẹ́ràn, ẹnikẹ́ni kò ní bi í bóyá ó ti jẹun.

Ní ilé-ìwé, èmi gan-an ni Olójú-gíláàsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú mi ríran dáadáa. Ọdún kejì mi níbẹ̀ nìyẹn, síbẹ̀ "ọmọ Nàìjíríà yẹn" ni ọ̀pọ̀ ń pè mí, bí wọ́n bá pè mí rárá. Ìgbà náà ni Lerato wá. Akẹ́kọ̀ọ́ fíìmù ni ní yunifásítì ní Auckland Park, ó ta dàda, ó sì máa ń dé fìlà onírun lójú oòrùn. Ó fẹ́ ya fíìmù ọ̀dọ́langba kékeré kan fún ìdánwò rẹ̀, ó sì ń wá àwọn ọmọ tó máa ṣe é. Ó ní kí a máa rìn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, bí ẹni tí gbogbo èèyàn ń wò, tó sì ń ṣe bí ẹni pé kò mọ̀. Ọdún méjì ni mo ti fi ń kọ́ ìrìn yẹn láìmọ̀. Mo rìn ín, Lerato ní, "Shap. That's her." Bí mo ṣe di Naledi nìyẹn, ọmọbìnrin onígíláàsì tí kò ní nǹkan kan, tó wọ ilé-ìwé tuntun. Lọ́jọ́ kejì, èèyàn mẹ́ta pe orúkọ mi lórí ìlà oúnjẹ, ọ̀kan tilẹ̀ pè é dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: kì í ṣe eré ni mo ń wá. Mo fẹ́ kí wọ́n máa pe orúkọ mi lọ.

Sátidé méjì péré ni wọ́n fún Lerato ní kámẹ́rà. Bí Sátidé kejì bá ti kọjá láìparí eré, kò sí fíìmù mọ́. Ṣòkòtò jíǹsì kan ni Naledi ń wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, àfi ìran ìkẹyìn tó máa fi wọ gáùn lọ síbi ijó. Lerato fúnra rẹ̀ ló fi bíléèdì la ihò mẹ́ta sí ṣòkòtò náà, méjì lórúnkún òsì, ọ̀kan lítan ọ̀tún, ó fi òkúta ha etí wọn, ó sì ya fọ́tò wọn kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn iṣẹ́ Sátidé àkọ́kọ́, ó ní kí n gbé e lọ sílé, kí n máa wọ̀ ọ́ kiri kó lè mọ ara mi, kí n má sì fọ̀ ọ́. Èwo ni kí n máa wọ̀ kiri? Ọmọ aránṣọ, nínú àkísà, lójú Màmá Iléṣà? Mo ká a mọ́ ìsàlẹ̀ báàgì mi, mo gbé súwẹ́tà lé e, n kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ju pé wọ́n yá mi ní ṣòkòtò kan.

Ọjọ́rú ni màmá mi ń fọṣọ. Ó wá súwẹ́tà wá sínú báàgì, ó bá ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni pàdé, ihò mẹ́ta lára rẹ̀, tí mo ká mọ́lẹ̀ bí ohun tí a jí. Mo ti lọ sí ilé-ìwé. Nílé wa, bí a bá yá abọ́ aládùúgbò, kì í padà ní òfìfo; ó kéré tán móínmóín méjì á wà nínú rẹ̀. Ẹ wá ro bó ṣe máa rí lára màmá mi pé ọmọ òun fẹ́ dá ṣòkòtò padà ní yíya. Kò bá mi wí. Kò sọ ohun kan fún mi láti Ọjọ́rú títí di àárọ̀ Sátidé, èmi náà kò sì ṣí báàgì yẹn wò. Àárọ̀ yẹn ló gbé e wọ yàrá mi lórí háńgà, tó fi ọ̀rá bò ó. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti fi sítáàṣì sí i, ó ti lọ̀ ọ́ tí ìlà ẹsẹ̀ méjèèjì fi dúró ṣánṣán. Ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dí. Ó lẹ̀ wọ́n láti inú pẹ̀lú ègé ìró àdìrẹ Màmá Iléṣà, ó sì fi òwú aró rán wọn yípo wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́.

"Ó yá, gbà," ó ní. "Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè nǹkan kan."

Mo bú sẹ́kún. "Mummy, it was supposed to be torn!"

"Ta ló máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ ya aṣọ?"

"It's Naledi's costume! They filmed it last week, with the holes. Lerato is going to kill me."

Mo rò pé yóò jágbe mọ́ mi. Ṣùgbọ́n aránṣọ ni, ọ̀rọ̀ náà yé e kíákíá ju bó ṣe yé mi lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi. "Bó ṣe wà lọ́sẹ̀ tó kọjá náà ló gbọ́dọ̀ wà lónìí?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Àwọn ihò yẹn náà? Bí wọ́n ṣe tó?" Mo tún mi orí. Màmá Iléṣà ti dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ ẹjọ́ tán, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù mú. "Àwa ń pa á lówe pé bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Wọ́n ti ń fi bíléèdì ṣe é fún ọmọdé báyìí! Ayé ti dé ibi kan." Màmá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń wá bíléèdì tirẹ̀.

Inú mọ́tò ló ti tú u. Bàbá mi ń wakọ̀, mo wà lẹ́yìn, màmá mi wà níwájú pẹ̀lú ṣòkòtò lórí itan rẹ̀. Kò ṣeé ṣe kó máa fi bíléèdì tú aṣọ nígbà tí mọ́tò bá ń lọ, nítorí náà, ìgbà tí ròbọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú títì níbí, bá pupa nìkan ló ń rí ọwọ́ lò. Ẹni tó bá mọ bàbá mi mọ̀ pé ó kórìíra ròbọ́ọ̀tì pupa. Gbogbo wọn ló ń bá jà láti Randburg dé ìgboro. Lọ́jọ́ náà, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó ń rọra lọ, ó ń jẹ́ kí táksí ya òun sílẹ̀ tí wọ́n sì ń fun fèrè mọ́ ọn, ó ń bẹ iná pé kó pupa. "Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ dúró díẹ̀ sí i, ó ku òwú mẹ́ta." "Ó ti di àwọ̀ ewé o, Ìyá Tọ́pẹ́! Wọ́n máa bú mi!" "Kí wọ́n bú yín, ẹ ti ń bú wọn tipẹ́." Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi ṣì wà lójú mi. Ní ròbọ́ọ̀tì kan tó pẹ́, màmá mi sọ̀rọ̀ láìwẹ̀yìn. "Mo rò pé ìwọ lo fà á ya ni. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà ọ́." Mo bi í pé kí ló dé tí kò bá mi wí. Ó ní, "O ti fi pamọ́. Ìtìjú yẹn tó ọ." Mo fẹ́ràn màmá mi gan-an lọ́jọ́ yẹn, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú rẹ̀, yálà ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Yorùbá.

Lerato ń dúró dè wá lábẹ́ igi jakaranda ní yunifásítì, òdòdó elésè àlùkò ti já bọ́ sí gbogbo ilẹ̀. Ó wo ṣòkòtò, ó wo màmá mi, ó ní, "Eish, Mama." Ìlà lílọ̀ kò fẹ́ kúrò, etí ihò sì ti dán ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ láti wo fọ́tò. Màmá mi kò wo fóònù. Ó ní ihò òkè orúnkún jẹ́ ìka mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ kọ sí òde. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ìka kan àbọ̀. Ti itan ní òwú funfun márùn-ún tó nà kọjá lójú rẹ̀, òun sì ti já méjì nínú wọn. Ó gbo aṣọ náà mọ́ ilẹ̀, ó fi erùpẹ̀ pa á, ó fi abẹ́rẹ́ fa òwú rẹ̀ jáde lẹ́yọ lẹ́yọ. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí bọ́tìnnì kan ṣoṣo mì lára wa ló jókòó sórí bẹ́ńṣì tó ń ya aṣọ, ojú rẹ̀ le koko. Nígbà tó parí, Lerato gbé fọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣòkòtò, kò rí ìyàtọ̀. Ó gbá màmá mi mọ́ra. Bí màmá mi ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ó béèrè ohun tó ti ń dùn ún láti bí oṣù mélòó kan.

"This your girl, where is her mother?"

Lerato ní ìyá Naledi kò sí nínú ìwé eré.

"Not inside? Who come born am?"

Ègé àdìrẹ mẹ́ta ṣì wà lọ́wọ́ màmá mi, tí abẹ́rẹ́ so pọ̀. Lerato gbà wọ́n, ó fi wọ́n sábẹ́ ihò náà, ó yọ wọ́n kúrò, ó tún dá wọn padà. Lẹ́yìn náà, ó ní kí a lọ ya ìran tó kù, èyí tí wọ́n ti ń fi Naledi ṣe yẹ̀yẹ́. A yà á tán kí ó tó di ọ̀sán. Ó wá gbé ṣòkòtò lé màmá mi lọ́wọ́, ó ní kó jọ̀ọ́, kó dá gbogbo ìrán rẹ̀ padà bó ṣe wà láàárọ̀, títí kan ìlà lílọ̀. Ó ní òun kò lo gáùn mọ́. Bí màmá mi ṣe rán iṣẹ́ tó ti rán tán nìyẹn lẹ́ẹ̀kejì, lábẹ́ jakaranda, ojú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ló ń tọ̀. Ó gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, ó sì fi áyọ́ọ̀nù tí Lerato yá wá lọ̀ ọ́. Kó tó di pé kámẹ́rà padà síbi tó ti wá, mo ti wọ ibi ijó.

Ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n fi fíìmù náà hàn, nínú gbọ̀ngàn kan ní Braamfontein, ní ọwọ́ ọ̀sán. Láti ṣọ́ọ̀ṣì la ti lọ tààrà, gbogbo wa nínú sùtánà, láìwọ bàtà. Ọmọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan wò wá láti orí délẹ̀, ó sì bi bàbá mi pé inú fíìmù wo ni a ti wá. Bàbá mi dá a lóhùn pé tiwa kò tíì parí, wọ́n ṣì ń yà á lọ́wọ́. A jókòó sí ìlà kẹta. Àwọn ọmọ kíláàsì mi wà lẹ́yìn wa, mo sì gbọ́ orúkọ mi nígbà tí ojú mi yọ, "Tọ́pẹ́! Tọ́pẹ́!", ẹnìkan sì súfèé. Ohun tí mo ti ń wá nìyẹn, mo sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Màmá Iléṣà tètè dá àwọn èèyàn rẹ̀ mọ̀: ó nawọ́ sí Ìyálóde, ó nawọ́ sí Oníjákẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n ń fi Naledi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ṣòkòtò rẹ̀, mo dúró de ìbéèrè màmá mi. Kò béèrè. Ó di ọwọ́ mi mú ni.

Lẹ́yìn náà ni ìran ìkẹyìn. Gbogbo gbọ̀ngàn ń retí gáùn, nítorí gbogbo ayé mọ̀ pé gáùn ló kàn. Ilẹ̀kùn ṣí, Naledi wọlé pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀ lójú àti ṣòkòtò àná, àmọ́ ó mọ́, ìlà ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ṣánṣán, àdìrẹ dí gbogbo ojú ihò. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú fíìmù. Kámẹ́rà lọ síbi orúnkún, ó pẹ́ níbẹ̀, Naledi sì gbé orí sókè, ó ń rìn bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Màmá mi tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀, ó ń wo ìrán ọwọ́ rẹ̀ tó ti tóbi tó ilẹ̀kùn.

"Màámi," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ìrán orúnkún yẹn wọ́ díẹ̀."

"Dákẹ́ ńbẹ̀," Màmá Iléṣà wí, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀ rárá, ìlà mẹ́ta gbọ́ ọ. "Àbí o ò rí i ni? Ìyá rẹ̀ ti dé."